Ìkẹjà, Addis, Guarulhos, Salvador: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò sí Bàhíà

Ọ̀nà tí àkọsílẹ̀ yìí tọ̀ nìyí: Ìkẹjà sí Addis Ababa, Addis sí Guarulhos ní ẹ̀bá São Paulo, Guarulhos sí Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bàhíà. Ẹni tó bá wo máàpù á béèrè pé kí ló gbé ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn ná. Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Gbogbo pápákọ̀ òfurufú ilẹ̀ Schengen ní Yúróòpù ló ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, bí kò tiẹ̀ ní jáde síta rárá, àyàfi ẹni tó ti ní físà tàbí ìwé ìgbélùú àwọn orílẹ̀-èdè kan lọ́wọ́. Ethiopian Airlines, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná São Paulo ní 2013, ń gba Addis kọjá, kò sì sí wàhálà físà Schengen níbẹ̀. Wákàtí pọ̀ sí i, ìwé dín kù.

Ohun tó máa ń dá èèyàn dúró ní Guarulhos kì í sábà jẹ́ ohun tó ṣe ní Guarulhos. Inú yàrá tí wọ́n ti di ẹrù nílé ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nínú àkọsílẹ̀ yìí fi jẹ́ ọjọ́ ilé.

Ọjọ́ Ajé, nílé: ìwé

Brazil kì í fún ọmọ Nàìjíríà ní físà lẹ́nu ibodè. Kọ́ńsólétì wọn ní Lagos tàbí ẹ́ḿbásì wọn ní Àbújá ni èèyàn ti ń gbà á. Bó bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ ìbí, irú físà, ọjọ́ tó máa parí. Lẹ́tà kan tó ṣì lè mú kí wọ́n dá yín padà lẹ́nu káńtà ní Ìkẹjà. Kì í ṣe ìkà ni àwọn òṣìṣẹ́ bàálù ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé dé Brazil ni yóò gbé e padà, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé e lórí.

Ẹ tẹ àwọn wọ̀nyí sórí ìwé, kí wọ́n wà nínú fáìlì kan nínú báàgì ọwọ́: tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, ìwé hòtẹ́ẹ̀lì tàbí lẹ́tà ìpè ẹni tí ẹ fẹ́ dé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù, ìwé báńkì oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, àti yẹ́lò káàdì. Fóònù tó ti wà lójú ọ̀nà láti àná kì í sábà ní iná nínú nígbà tí ọlọ́pàá bá béèrè ìwé. Bó bá jẹ́ ìpàdé, ọdún ìbílẹ̀ tàbí ẹ̀kọ́ lẹ ń bá lọ, lẹ́tà èdè Potogí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó pè yín dára ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹni tó máa kà á lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè má gbọ́ ọ.

Ní ti yẹ́lò káàdì, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kò ní agbára lójú òfin títí di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí wọ́n gún un. Ẹni tó lọ gún un ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìrìn-àjò kò tíì ní nǹkan kan lọ́wọ́. Láti July 2016 ni àjọ WHO ti sọ pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, nítorí náà bí káàdì yín bá ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, kò pọn dandan láti gún òmíràn. Kí orúkọ orí káàdì ṣáà bá ti páásípọ́ọ̀tù mu.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí àfi ìgbà tí wọ́n bá dé ọ̀hún: CPF, nọ́ńbà onídìjíìtì 11 tí gbogbo ará Brazil ní. Wọ́n ń béèrè rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì abẹ́lé, àti nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra símù. Àjèjì náà lè gbà á, ẹ sì lè béèrè fún un ní kọ́ńsólétì kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó bá ní i á rí i pé nǹkan rọrùn ju ìlọ́po méjì lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nílé: ẹrù

Àpótí méjì, kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà yìí sábà máa ń fàyè gbà, pẹ̀lú báàgì ọwọ́ kílò 7. Ẹ ka ti tíkẹ́ẹ̀tì yín o. Kí ẹ tó ti àpótí, ẹ dúró díẹ̀ lórí ohun tí ẹ fẹ́ kó sínú rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń lọ bá àwọn ará ilé Kẹ́tu, Jẹ̀jẹ̀ tàbí Nàgó, àwọn ilé òrìṣà Candomblé ní Bàhíà, nítorí ohun tó wù yín láti mú lọ gan-an ni ohun tí àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ kì í fẹ́ rí.

Vigiagro ni ẹ̀ka tó ń ṣọ́ ohun ọ̀gbìn àti ohun ẹran ní àwọn ibodè Brazil. Èso tútù, ewébẹ̀, irúgbìn, ewé, egbò igi, iyẹ̀pẹ̀, ẹran, oyin: bí kò bá ní ìwé àṣẹ, wọn yóò gbà á, wọn yóò sì bà á jẹ́. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Obì àbàtà, ojú irúgbìn tó lè hù ni wọ́n fi ń wò ó, kò sí ohun tó kàn wọ́n pẹ̀lú pé ẹ fẹ́ fi bọ Orí. Orógbó àti ataare náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó bófin mu wà: ìwé-ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn láti ọ̀dọ̀ NAQS, àjọ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ní Nàìjíríà, kí Brazil náà sì ti gbà kí nǹkan ọ̀hún wọlé. Fún obì mẹ́rìnlélógún nínú ọ̀rá, wàhálà yẹn kò tó ohun tí à ń ṣe é sí. Ọjà São Joaquim ní Salvador ń ta obì, ó ń ta orógbó, ó ń ta ataare. Ilẹ̀ Bàhíà fúnra rẹ̀ ń hu obì, epo pupa sì wà níbẹ̀ bí omi. Ẹ fi tilé sílẹ̀ nílé.

Ìkóódẹ ni èyí tó léwu jù. Láti January 2017 ni odídẹrẹ́ ti wà nínú Àfikún Kìíní àdéhùn CITES, ibi tí wọ́n to àwọn ẹranko tí ìparun ń lé sí. Kì í ṣe ẹyẹ náà láàyè nìkan ni òfin ọ̀hún dé, ó kan ìyẹ́ rẹ̀. Ìyẹ́ pupa kan ṣoṣo tí wọ́n dì mọ́ adé tàbí tí wọ́n fi sínú ìwé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ bí kò bá ní ìwé àṣẹ CITES láti Nàìjíríà, àti ti Brazil láti ọ̀dọ̀ Ibama, àjọ tó ń bójú tó àyíká níbẹ̀. Eyín erin, awọ ẹkùn, ìkarahun ìjàpá òkun, ẹ má ṣe dán an wò.

Oúnjẹ gbígbẹ tó wà nínú ọ̀rá ilé-iṣẹ́, tí wọ́n kọ orúkọ, ohun èlò àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ sí lára, máa ń kọjá ju èyí tí ìyá wa dì sínú nylon lọ. Èlùbọ́ funfun nínú nylon tí kò ní lébẹ̀lì, ẹ fojú inú wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ X-ray ní pápákọ̀ tí wọ́n ti ń wá kokéènì kiri. Gàárì náà ń kọ́? Kílò kan tàbí méjì, nínú páálí rẹ̀, ó parí síbẹ̀. Àgbo inú ike Ragolis, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ú tán nílé. Oògùn òyìnbó, ẹ fi sínú páálí tí wọ́n tà á nínú rẹ̀, kí ìwé dókítà wà pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn tó ń kó àdìre, aṣọ òkè tàbí ìlẹ̀kẹ̀ lọ fún títà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹrù tí èrò bàálù lè mú wọ Brazil láìsan owó ibodè kò gbọ́dọ̀ ju dọ́là Amẹ́ríkà 1,000 lọ. Ìyẹn nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò, wọ́n ń ka iye. Nǹkan tí ẹyọ rẹ̀ kò tó dọ́là 10: 20 lápapọ̀, kí èyí tó jọra má ju 10 lọ. Nǹkan tí ẹyọ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: 20 lápapọ̀, kí èyí tó jọra má ju 3 lọ. Àdìre méjìlá aláwọ̀ kan náà, oníyádì márùn-ún-márùn-ún, ọjà ni lójú wọn, kì í ṣe ẹrù ìrìn-àjò mọ́, ọjà kò sì ń gba ọ̀nà èrò wọlé. Ẹni tí iye owó ẹrù rẹ̀ bá lé ní 1,000 tó sì jẹ́wọ́ ṣáájú yóò san ìdajì ohun tó lé. Ẹni tó bá dákẹ́ tí wọ́n wá ká a mọ́ ọn lọ́wọ́, ìtanràn ìdajì mìíràn yóò gun orí ti àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ti àpótí, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìwọ̀n náà lójú. Ní March 2023, wọ́n mú obìnrin méjì ọmọ Brazil ní Frankfurt nítorí pé àwọn kan ní Guarulhos ti já táàgì ẹrù wọn, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí tó kún fún kokéènì. Ó lé ní oṣù kan tí wọ́n fi wà ní àtìmọ́lé ní Jámánì kí fídíò kámẹ́rà pápákọ̀ tó gbà wọ́n sílẹ̀. Fọ́tò àpótí, fọ́tò táàgì, kílò: ìṣẹ́jú méjì ni.

Ọjọ́rú: Ìkẹjà

Bàálù Addis sábà máa ń gbéra lọ́sàn-án. Ẹ dé Pápákọ̀ Murtala Muhammed ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú, kí ẹ sì ti béèrè ilé tí bàálù yín ń lò, nítorí láti 2022 ni ilé tuntun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, rírìn láti ọ̀kan dé èkejì pẹ̀lú àpótí méjì kò sì dùn.

Lẹ́nu káńtà, wọn yóò béèrè páásípọ́ọ̀tù, físà, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ àti yẹ́lò káàdì. Ẹ̀rọ á wọn ẹrù. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí. ADD ni Addis, GRU ni Guarulhos, SSA ni Salvador. Bí wọ́n bá kọ ADD nìkan, ẹrù yín kò ní kọjá Addis, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ SSA ni wọ́n kọ, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Ẹ ṣì máa gbé ẹrù náà fúnra yín ní Guarulhos, nítorí ibodè àkọ́kọ́ tí èèyàn bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ní Brazil ni kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń yẹ ẹrù wò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ àpótí nù: wọ́n ka SSA, wọ́n rò pé yóò bá wọn ní Salvador, wọ́n kọjá lọ. Àpótí wà lórí rọ́bà tó ń yí po ní São Paulo, ó ń dá nìkan rìn kiri.

NDLEA ń fojú sí ọ̀nà Brazil ju ọ̀pọ̀ ọ̀nà mìíràn lọ, àbọ̀ ju àlọ lọ. Wọ́n lè ní kí ẹ tú ẹrù. Ẹ dúró tì í, kí ẹ máa wò, kí ẹ tún un dì fúnra yín. Bí ọ̀rẹ́, ìbátan tàbí ọmọ ìjọ bá ní kí ẹ bá òun mú ìdì kékeré kan lọ fún ẹnì kan ní São Paulo, ìdáhùn rẹ̀ ni rárá, kódà bó jẹ́ bàtà.

Owó àfọwọ́kà tó bá ju dọ́là 10,000 lọ, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹ tó kọjá. Iye kan náà ni Brazil ń béèrè ní ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni ìmígíréṣọ̀n, òǹtẹ̀ ìjáde, àti ibi àyẹ̀wò ara. Olómi tó ju mílílítà 100 lọ kò kọjá nínú báàgì ọwọ́. Ọbẹ̀ ata náà olómi ni.

Ọjọ́rú, alẹ́: Bole, pápákọ̀ Addis

Bàálù lo nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Aago Addis fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Orí òkè ni ìlú náà wà, ó ju mítà 2,300 lọ sókè òkun, òtútù alẹ́ rẹ̀ sì ń wọ egungun, nítorí náà kí súwẹ́tà wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú àpótí tó ti lọ.

Bí àárín bàálù méjèèjì bá gùn, tí kò sì sí bàálù tó yá jù ú lọ, ilé-iṣẹ́ bàálù máa ń fún èrò ní hòtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ. Ọjọ́ tí ẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti béèrè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹni tí kò bá béèrè á sùn lórí àga. Ẹni tó bá lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, kí ó ṣọ́ra fún aago tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè. Láàárín ara wọn, ìdájí ni kíkà ọ̀sán wọn ti ń bẹ̀rẹ̀: ohun tí àwa ń pè ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, aago mẹ́rin ni àwọn ń pè é. Pápákọ̀ ń lo aago gbogbo ayé. Bí awakọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì bá ní aago kan ni òun ń bọ̀, ẹ ní kó fi hàn yín lórí fóònù.

Ní òwúrọ̀, ẹ óò tún gba ibi àyẹ̀wò ara kọjá kí ẹ tó wọ bàálù kejì. Lọ́fínńdà tàbí ọtí tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù pápákọ̀ Ìkẹjà, bí ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa bá ti ya tàbí tí rìsíìtì ti sọ nù, wọ́n lè gbà á níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀: lójú òfurufú

Nǹkan bíi wákàtí 12. Aago São Paulo fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn ti Addis, ó sì fi mẹ́rin wà lẹ́yìn ti Lagos, nítorí náà ẹni tó bá gbéra ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ yóò balẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Brazil ti pa yíyí aago padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn rẹ́ ní 2019, ìṣirò yìí kì í yẹ̀ mọ́. Ẹ dìde rìn, ẹ mu omi. Kò sí fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pín nínú bàálù. Ẹni tó ní nǹkan láti jẹ́wọ́ ni yóò kọ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní e-DBV, ó sì lè ti kọ ọ́ láti ilé.

Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán: Guarulhos

Bí ẹ bá ti jáde nínú bàálù, pátákó méjì ni yóò yà yín sọ́tọ̀. «Conexões internacionais» wà fún àwọn tó ń lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. «Desembarque» ni tiyín, bí Salvador tilẹ̀ ni ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ má tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ èrò, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn lè máa lọ sí Buenos Aires.

Ẹ óò dé iwájú Polícia Federal, àwọn ni ìmígíréṣọ̀n wọn. Ìlà kan wà fún ọmọ ilẹ̀, òmíràn fún àjèjì. Láti August 2024 ni wọ́n ti le sí i ní Guarulhos: èrò tí kò ní físà Brazil, tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, kò lè dúró sí àgbègbè ìkọjá kó ní òun ń wá ààbò mọ́, yóò máa bá ìrìn rẹ̀ lọ tàbí kó padà síbi tó ti wá. Ẹ̀yin ní físà, ọ̀rọ̀ yẹn kò kàn yín tààrà, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wo páásípọ́ọ̀tù tó gba Addis wá ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè wọn kò pọ̀. «Motivo da viagem?» ni kí lẹ wá ṣe. «Quantos dias?» ni ọjọ́ mélòó. «Onde vai ficar?» ni ibo lẹ máa dé sí. Ẹ dáhùn ní ẹyọ ọ̀rọ̀: «turismo», «quinze dias», orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì. Ìtàn gígùn máa ń bí ìbéèrè mìíràn. Ohun tó ń gbé èèyàn lọ sí yàrá ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹnu àti ìwé má bára mu: físà àbẹ̀wò lọ́wọ́, ẹnu ń sọ pé iṣẹ́ ni òun ń wá, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ ọjọ́ 15, àpótí tí aṣọ ọdún kan wà nínú rẹ̀, lẹ́tà ìpè ẹni tí èèyàn kò mọ orúkọ rẹ̀ pé. Tọkọtaya tí wọ́n bá bi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí ìdáhùn wọn sì yapa, wàhálà ni. Bí wọ́n bá mú yín lọ sí yàrá náà, ẹ béèrè fún ògbufọ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò lè kà.

Òǹtẹ̀ dé. Ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀, ẹ má tì í sápò. Ọjọ́ tí ẹ wọlé àti iye ọjọ́ wà níbẹ̀. 90 ló sábà máa ń jẹ́ fún àlejò. Bí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kò bá yé yín, ẹ béèrè níbẹ̀, torí èyí ni wọn yóò fi ka ọjọ́ lé yín lórí nígbà tí ẹ bá ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lè béèrè fún àfikún lọ́wọ́ Polícia Federal kí ọjọ́ náà tó pé. Lẹ́yìn tó bá ti pé, real (owó Brazil) 100 fún ọjọ́ kan ni ìtanràn, kò sì ní ju real 10,000 lọ.

Ọ̀nà tó lọ síbi ẹrù la àárín ṣọ́ọ̀bù ńlá kan kọjá, tí wọ́n ti ń ta ọtí àti lọ́fínńdà láìsí owó orí. Dọ́là 1,000 ni èèyàn lè ná níbẹ̀ lọ́tọ̀, kò kan 1,000 tí a sọ lókè. Ẹ lọ gbé àpótí yín ná.

Bí àpótí kò bá dé, tàbí tó fọ́, ẹ má jáde. Ẹ lọ bá ilé-iṣẹ́ bàálù ní gbọ̀ngàn yẹn, kí wọ́n kọ RIB fún yín, ìwé ẹ̀sùn ẹrù. Àwọ̀ àpótí, iye kílò, ohun inú rẹ̀, àdírẹ́sì Salvador: ibí ni fọ́tò ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti wúlò. Lójú òfin ANAC, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Brazil, ọjọ́ 21 ni ilé-iṣẹ́ ní láti fi wá ẹrù ìrìn-àjò òkè òkun, ọjọ́ 7 fún ti abẹ́lé. Ẹni tó bá ti jáde síta kó tó fẹjọ́ sùn ti sọ ẹjọ́ ara rẹ̀ di èyí tó le.

Kọ́sítọ́ọ̀mù ló kù. Ọ̀nà méjì: «bens a declarar» àti «nada a declarar». Yíyàn ọ̀nà kejì, ìjẹ́wọ́ ni lójú òfin. Ẹ ti sọ pé ẹ kò ní nǹkan kan. Wọ́n ń fa àwọn kan yọ sí ẹ̀rọ X-ray, bàálù láti Áfíríkà kì í sì í jẹ́ èyí tí wọ́n ń fojú fò. Bí ẹ bá ní oúnjẹ tàbí ohun ewéko tí kò dá yín lójú, ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbà, kí ẹ ní «tenho alimentos», kí wọ́n fúnra wọn wò ó. Ohun tí èèyàn fẹnu ara rẹ̀ sọ, bí kò bá bófin mu, gbígbà ni wọ́n sábà máa ń gbà á. Ti ẹni tó fi pamọ́ lè di ìtanràn.

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́: kí ẹ tó wọ bàálù abẹ́lé

Níta, àwọn kan á máa pè yín sí takisí. Ẹ má dá wọn lóhùn. Káńtà takisí wà nínú ilé, Uber àti 99, tí òun náà dà bí Uber, sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ní dátà. Fún owó, ẹ pààrọ̀ ìwọ̀nba tó máa gbé yín dé Salvador, torí iye tí wọ́n ń fún èèyàn ní pápákọ̀ burú. Ẹ̀rọ Banco24Horas ń pọ owó fún ọ̀pọ̀ káàdì òkè òkun, ṣùgbọ́n káàdì náírà lè kọ̀ jálẹ̀. Ẹ ti béèrè lọ́wọ́ báńkì yín, kí dọ́là díẹ̀ sì wà lọ́wọ́.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì Salvador bá wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, ẹ kàn gbé àpótí fún wọn padà ní káńtà ìsopọ̀, kílò 23 méjì yín ṣì dúró. Bó bá jẹ́ pé lọ́tọ̀ lẹ rà á, òfin abẹ́lé ló dé yín: báàgì ọwọ́ kílò 10 lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo àpótí yòókù sísan. Sísan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú kéré sí ti káńtà gan-an. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ná owó tí kò rò tẹ́lẹ̀ nìyí, ó sì burú sí i fún ẹni tí bàálù Addis rẹ̀ bá pẹ́, nítorí ilé-iṣẹ́ abẹ́lé kò mọ̀ ọ́n rí, bàálù lọ, tíkẹ́ẹ̀tì jóná. Wákàtí mẹ́rin láàárín méjèèjì ni kí ẹ fi sílẹ̀ bó bá jẹ́ lọ́tọ̀ lẹ rà á. Bí kò bá sí, ẹ sùn sí Guarulhos kí ẹ lọ lówùúrọ̀, èyí tí àkọsílẹ̀ yìí yàn. Ilé kejì àti ìkẹta nínú pápákọ̀ Guarulhos ní ọ̀nà inú ilé tó so wọ́n pọ̀, ẹsẹ̀ á dé ibẹ̀.

Bó bá jẹ́ bàálù abẹ́lé ló pẹ́, ANAC ti sọ ẹ̀tọ́ èrò: lẹ́yìn wákàtí kan, ọ̀nà láti bá ará ilé sọ̀rọ̀, lẹ́yìn méjì, oúnjẹ, lẹ́yìn mẹ́rin, hòtẹ́ẹ̀lì bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tàbí kí wọ́n dá owó padà. Ẹ béèrè. Wọn kì í mú un wá bá èèyàn lórí ìjókòó.

Ọjọ́ Ẹtì: Salvador

Páásípọ́ọ̀tù ni ìwé ìdánimọ̀ yín fún bàálù abẹ́lé náà, ẹ má tì í sínú àpótí. Wákàtí méjì àti díẹ̀ lójú òfurufú. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù ní Salvador, nítorí inú Brazil lẹ ti ń bọ̀.

Ọ̀nà tó jáde ní pápákọ̀ gba abẹ́ oparun tó tẹ̀ pàdé ara wọn lókè kọjá. Mẹ́tírò wà: bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ń gbé èrò láti ẹnu ilé pápákọ̀ lọ sí ibùdó Aeroporto, ìdí ìlà kejì. Ẹ wọ̀ ọ́ dé Acesso Norte, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ bọ́ sí ìlà kìíní lọ sí Campo da Pólvora, tí kò jìnnà sí Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà. Pẹ̀lú àpótí méjì, lálẹ́, ẹ wọ takisí. Pápákọ̀ náà ju kìlómítà 20 lọ sí àárín ìlú.

Iná Salvador jẹ́ fóòtì 127. Ṣájà fóònù àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ 100–240V sí lára kò ní wàhálà. Áyọ́ọ̀nù tí a gbé láti ilé, ti fóòtì 220, á kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kò ní na aṣọ kankan. Ẹsẹ̀ mẹ́ta roboto ni púlọ́ọ̀gì wọn, tiwa onígun mẹ́rin kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ ra adápítọ̀ ní Guarulhos tàbí ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí ní ìlú, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e

Èyí kan kìkì àwọn tí físà wọn kì í ṣe ti àbẹ̀wò: akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, òṣìṣẹ́. Láàárín ọjọ́ 90 tí wọ́n wọlé ni wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Polícia Federal kí wọ́n lè gba káàdì CRNM, ìwé ìgbélùú àjèjì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èèyàn ti ń mú ọjọ́ ìpàdé, ọjọ́ náà sì lè jìnnà, nítorí náà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú un. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù, fọ́ọ̀mù físà tí kọ́ńsólétì fún yín ní Lagos, ìwé-ẹ̀rí ìbí, àti rìsíìtì owó tí ẹ san. Orúkọ bàbá àti orúkọ ìyá ni wọn yóò kọ́kọ́ wò, bí àkọtọ́ inú ìwé kan bá sì yàtọ̀ sí ti èkejì, wọn yóò ní kí ẹ lọ tún un ṣe kí ẹ tó padà wá.